Ẹni Tí Yóò Rí Erin, Kí Ó Kọ́kọ́ Bèèrè Omi

Kò sí ibi ìgbéyàwó, kò sí ìpàdé ẹbí tí a ti ń pẹ̀tù sí aáwọ̀, tí àgbà kan kò ní dìde, tí kò ní ká etí agbádá rẹ̀ lé èjìká, kí ó wí pé àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin kí á wí pé a rí erin. Gbogbo àwùjọ yóò sì mi orí, wọn yóò gbà pé ọ̀rọ̀ ti dé ojú ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi ẹni tí ó pa òwe náà, tí ó sì bi àwọn tí wọ́n mi orí sí i, pé ta ni nínú wọn ti fi ojú ara rẹ̀ rí erin rí, tí kì í ṣe nínú àwòrán tàbí nínú tẹlifíṣọ̀n, tí kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n há mọ́ ọgbà kótópó, tí ó ń mi ara síwá sẹ́yìn bí arúgbó tí oorun ń kùn, ẹ̀rù ń bà mí pé ibẹ̀ yóò pa lọ́lọ́. Èmi náà wà lára wọn títí mo fi pé ẹni ọdún 51.

Èdè wa kún fún ẹranko lónìí ju bí igbó wa ti kún fún wọn lọ. Àwọn ará Ìlobùú ń bọ Erinlẹ̀, ọdẹ tí ó di odò, tí erin wà nínú orúkọ rẹ̀. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú gbé orúkọ náà kọjá òkun dé Kúbà, wọ́n sì ń pè é ní Inle níbẹ̀ títí di òní, ní erékùṣù tí kò ní erin nínú igbó rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọnà Ọ̀wọ̀ gbẹ́ eyín erin tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù fi ń kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn pamọ́ sínú gíláàsì. Nínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, erin ṣì wà bí mo ti ń kọ̀wé yìí, erin inú igbó dídí tí eyín rẹ̀ dorí kodò, tí àgbẹ̀ ń bá ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú oko láàárọ̀, tí kì í sì í sábàá rí òun fúnra rẹ̀. Ẹni mélòó ní Èkó ni ó mọ̀ pé erin ń sùn ní ibi tí ọkọ̀ yóò fi wákàtí díẹ̀ dé láti ẹnu ọ̀nà òun? Ìròyìn kò tó àfojúbà. Nítorí náà ni mo ṣe ń rọ ẹnikẹ́ni tí Ọlọ́run bá fún ní ìlera àti owó díẹ̀ pé kí ó dìde, kí ó lọ wo àwọn ẹranko ńláńlá ní ibi tí Ẹlẹ́dàá fi wọ́n sí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí púpọ̀ nínú wa ń gbà ṣètò irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ kò tọ́. Owó ń lọ, ọjọ́ ń lọ, eruku ni a sì ń gbé bọ̀ wálé.

Sàfárì ni ayé ń pe ìrìn-àjò yìí. Ọ̀rọ̀ Swahili ni, inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá, kò sì ní ìtumọ̀ kan ju ìrìn-àjò lọ. Ẹni tí ó lọ kí ìyá rẹ̀ ní ìlú kejì, sàfárì ni ó lọ. Àwọn Òyìnbó ọlọ́dẹ ni wọ́n sọ ọ́ di ti ìbọn, àwọn ni wọ́n sì yan ẹranko márùn-ún, erin, kìnnìún, ẹkùn, ẹfọ̀n, àti àgbáńréré oníwo-lórí-imú, tí wọ́n ní ó ṣòro jù lọ láti fi ẹsẹ̀ dọdẹ wọn. Ìbọn ti kúrò lọ́wọ́ púpọ̀ jù lọ nínú àwọn àlejò lónìí, ẹ̀rọ ayàwòrán ni ó gba ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ márùn-ún náà kò kúrò nílẹ̀. Àwọn ni àwọn tí ń ta ìrìn-àjò fi ń fa ojú oníbàárà mọ́ra, àwọn ni oníbàárà náà ń kà bí alájàpá ti ń ka àpò àgbàdo sínú ọkọ̀. Mo lòdì sí kíkà yìí tọkàntọkàn, mo sì ní ìdí.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo dé Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ọkùnrin kan tí ó ń ṣètò ìrìn-àjò ni mo fa ara mi lé lọ́wọ́, ó sì ṣèlérí pé láàárín ọjọ́ méje, n ó wo ọgbà ẹranko márùn-ún ní orílẹ̀-èdè méjì, ẹyọ kan kò sì ní fò mí ru nínú àwọn márùn-ún náà. Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ojoojúmọ́ ni a ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, tí a ń di ẹrù, tí a ń jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà lórí ọ̀nà gbágungbàgun, tí a ó dé ọgbà tuntun nígbà tí oòrùn ti kan àtàrí, tí ẹranko ti wọ abẹ́ igi lọ, tí awakọ̀ yóò sì máa sáré kiri pẹ̀lú rédíò létí, tí ó ń gbọ́ ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí nǹkan. Ní Maasai Mara, mo ka ọkọ̀ mẹ́tàlélógún tí ó yí àmọ̀tẹ́kùn kan ṣoṣo ká, ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń sáré ju gbogbo ẹran orí ilẹ̀ lọ, tí ilà dúdú méjì ti ẹyinjú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹnu, bí ẹni tí omijé gbẹ sí lójú. Ebi ń pa á, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Ọ̀sán ni irú rẹ̀ sábà máa ń dọdẹ, kí kìnnìún àti ìkookò má baà gba ẹran lẹ́nu rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ẹran kan tí ń jẹ koríko lókèèrè, ó rẹ ara sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí yọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti yọ́ síwájú díẹ̀ ni ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta yóò bú ramúramù, tí wọn yóò sáré lọ dínà níwájú rẹ̀ kí àwọn tí wọ́n gbé lè rí i lójú, títí ẹran tí ó ń dọdẹ fi gbọ́, tí ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èyí ṣẹlẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó dùbúlẹ̀, ó gbé orí lé ọwọ́, ó di ojú, gbogbo wa sì ya àwòrán rẹ̀. Ìtìjú ọjọ́ náà kò tíì kúrò lára mi. Nígbà tí mo padà délé tí ìyàwó mi bi mí pé kí ni mo rí, mo dárúkọ àwọn márààrún, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu mi. Erin tí mo tìtorí rẹ̀ fi ilé sílẹ̀, fìrí ni mo rí i.

Bẹ́ẹ̀ ilé ni ẹ̀kọ́ tí mo nílò wà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo agboolé ń pè ní Bàbá Ọdẹ, kì í lé ẹran kiri. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó tó gbé ìbọn, yóò kọ́kọ́ rìn yí abúlé ká, yóò bi àwọn adẹ́mu, yóò bi àwọn Fúlàní darandaran, yóò bi àwọn obìnrin tí ń ṣẹ́gi, pé odò wo ni ó ti gbẹ, àbàtà wo ni omi ṣì kù sí. Bí wọ́n bá ti sọ fún un tán, yóò lọ gẹ̀gùn sórí igi kan nítòsí omi náà kí oòrùn tó wọ̀, yóò sì dákẹ́ bí òkúta. Ó máa ń sọ fún àwa ọmọdé pé ẹran kò ní kànga nínú ilé, ibi tí omi bá wà ni ilé rẹ̀. Ìbéèrè Bàbá Ọdẹ yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tí ó ń gbèrò sàfárì kọ́kọ́ bèèrè, ṣáájú owó ọkọ̀ òfurufú, ṣáájú òtẹ́ẹ̀lì àti aṣọ ìrìn-àjò: ní oṣù tí mo fẹ́ lọ yìí, níbo ni omi wà?

Bí a bá fi ìbéèrè yìí wo Serengeti ní Tanzania, tí wọ́n sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1951, ohun gbogbo yóò là yéni. Ẹran kan wà níbẹ̀ tí àwa kò ní orúkọ fún, nyumbu ni àwọn Swahili ń pè é, ojú rẹ̀ gùn bí ti ẹṣin, ìwo rẹ̀ bí ti màlúù, irùngbọ̀n rẹ̀ bí ti òbúkọ. Wọ́n ju mílíọ̀nù kan lọ, òjò ni wọ́n sì ń tọ̀ lẹ́yìn yípo ọdún, àwọn àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà lọ́nà ọ̀kẹ́ àìmọye. Ní oṣù Kejì, ìhà gúúsù ni wọ́n wà, ní pápá tí koríko kúkúrú hù sí lórí eérú òkè ayọnáyèéfín, koríko tí ó dára fún abiyamọ. Níbẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí yóò sì ti dìde dúró kí ẹni tí ń wò ó tó jẹ àkàrà méjì tán. Nígbà tí ó bá di oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá, pápá yẹn ti gbẹ, wọ́n ti gòkè lọ sí àríwá lẹ́bàá odò Mara, ọ̀nì sì ń dúró dè wọ́n nínú omi. Ẹni tí ó bá lọ sí gúúsù ní oṣù Kẹjọ nítorí pé oṣù náà ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ fún un ní ìsinmi, afẹ́fẹ́ ni yóò bá níbẹ̀. Ti Amboseli ní Kenya yàtọ̀, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ lè gbẹ bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sun, síbẹ̀ omi òkè Kilimanjaro ń gba abẹ́ ilẹ̀ wá, ó ń sun sínú àbàtà tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò, àwọn erin a sì máa wọ́ inú rẹ̀ dé ikùn. Ní Kruger ní Gúúsù Áfíríkà, oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án ni ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí ó bá jókòó ti ibùmu kan láti òwúrọ̀ yóò rí ju ẹni tí ó wakọ̀ 200 kìlómítà lọ.

Erin fúnra rẹ̀ ni ó mọ ọ̀rọ̀ omi jù. Obìnrin ní ń ṣáájú agbo erin, ìyá àgbà kan, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin àti ọmọ ọmọ rẹ̀. Bí ọkùnrin bá ti bàlágà, a kúrò láàárín wọn. Ní 1993, ọ̀dá mú ní Tarangire, ní àríwá Tanzania, fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, ọmọ erin púpọ̀ sì kú. Àwọn tí ń ṣèwádìí nípa erin níbẹ̀ ṣàkíyèsí pé àwọn agbo kan jáde kúrò nínú ọgbà náà, wọ́n lọ wá omi àti oúnjẹ níbòmíràn, ọmọ tí wọ́n pàdánù kò sì pọ̀. Agbo kan dúró, ọmọ tirẹ̀ ni ó sì kú jù. Àwọn olùwádìí náà gbà pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọjọ́ orí ìyá àgbà ni ó fa ìyàtọ̀. Àwọn tí wọ́n jáde ní àgbà tí ó ti wà láyé nígbà ọ̀dá ńlá kan tí ó mú ní ọgbọ̀n ọdún ó lé ṣáájú, tí ó ṣeé ṣe kí ó rántí ọ̀nà tí ìyá tirẹ̀ mú wọn gbà nígbà náà. Agbo tí ó dúró sì ni èyí tí àwọn tí ń pa erin lólè ti pa àwọn àgbà rẹ̀ tán nítorí eyín. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Ẹni tí ó bá yìnbọn fún ìyá àgbà erin, kànga tí ọmọ ọmọ erin náà ì bá mu ní ọgbọ̀n ọdún sí i ni ó dí pa.

Ọwọ́ wa kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún pẹ́ tí eyín erin ti ń gba èbúté Èkó kọjá lọ sí Éṣíà, ní ọjà Lekki sì rèé, gbangba ni wọ́n máa ń pàtẹ ẹ̀gbà ọwọ́ àti ère eyín erin fún àwọn àlejò. Ní 1989, Daniel arap Moi, olórí orílẹ̀-èdè Kenya, fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá iná sun tọ́ọ̀nù eyín erin 12 ní Nairobi, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé kò tà á. Oṣù Kìíní ọdún 2024 ni ìjọba tiwa tó lọ tọ́ọ̀nù méjì àti ààbọ̀ lúúlúú ní Abuja. Ó dára bẹ́ẹ̀, mo sì yìn wọ́n, ṣùgbọ́n ọdún márùndínlógójì pọ̀ jù fún ẹ̀yà tí ń fi àjànàkú pa òwe lójoojúmọ́.

Nítorí náà, kí ọmọ Nàìjíríà tó fò lọ sí Kenya, Yankari ni mo fẹ́ kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Bauchi ni ó wà. Wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún ẹranko ní 1956, wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún àlejò ní 1962, ó sì ju 2,200 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Agbo erin tí ó pọ̀ jù tí ó kù ní ilẹ̀ wa wà níbẹ̀, nǹkan bí 100, kìnnìún díẹ̀ ṣì wà pẹ̀lú wọn, àti ẹfọ̀n, àti erinmi, àti ìnàkí tí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni, tí yóò ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ, tí yóò sì gbé búrẹ́dì rẹ lọ. Ìsun omi Wikki tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ ń sun lábẹ́ àpáta níbẹ̀, funfun ni iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀, omi náà sì mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè ka ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Odò Gaji ni omi tí ẹranko gbẹ́kẹ̀ lé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú. Ní oṣù Kẹta ni mo lọ. Ọjọ́ kìíní, a kò rí erin. Ọjọ́ kejì, ìmàdò àti ìgbẹ́ erin tí ó ti tutù. Afinimọ̀nà wa, ọmọ abúlé kan lẹ́bàá ọgbà náà, kò bínú, kò bẹ̀bẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tú ìgbẹ́ náà wò, ó wo bí koríko inú rẹ̀ ti rí, ó ní, "Baba, lọ́la, lẹ́bàá odò, ká tètè jókòó."

Ní ọ̀la, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, etí ni mo kọ́kọ́ fi rí wọn: igi ń dá, kà, kà, ariwo kan sì wà lábẹ́ ariwo yẹn, ìkùn kan báyìí tí kì í ṣe etí nìkan ni ó gbọ́ ọ, tí mo mọ̀ ọ́n ní àyà. Nígbà náà ni ìyá àgbà yọ, etí rẹ̀ òsì ti ya ní méjì bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ìjì nà, ẹrẹ̀ pupa ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó dúró. Ó gbé ọwọ́jà rẹ̀ sókè, ó yí i sí apá ọ̀dọ̀ wa, ó gbọ́ òórùn wa dáadáa, ó rò ó, ó sì dá a lójú pé a kò já mọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ó tẹ omi, tí àwọn mọ́kànlá yòókù sì tẹ̀ lé e. Ọmọ kékeré kan wà láàárín ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tí kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́jà ṣe. Ó tì í bọ omi, ó gbé e jáde, omi dà nù. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, ó tún dà nù. Nígbẹ̀yìn ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó ju ọwọ́jà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí aṣọ tí ń dí ni lọ́wọ́, ó sì fi ẹnu mu omi rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n lò. A kò rí kìnnìún, a kò rí ẹkùn, n kò sì béèrè wọn.

Àwọn nǹkan díẹ̀ kù tí ó yẹ kí n sọ. Ọ̀nà àríwá gba ìbéèrè gidigidi lọ́wọ́ àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ kí èèyàn tó gbéra; ní 2019, nínú ọgbà Pendjari ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n jí àlejò méjì láti ilẹ̀ Faransé gbé, wọ́n sì pa afinimọ̀nà wọn, ọmọ Benin tí ó ń ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ẹni tí yóò lọ sí Kenya tàbí Tanzania, kí ó ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán ṣáájú ìrìn, kí ó sì mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dání. Kí ó fi àdìrẹ ẹlú rẹ̀ sílé, bí ó ti wù kí ó dára tó, nítorí pé àwọ̀ aró àti dúdú ni eṣinṣin tsetse fẹ́ràn jù, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń dẹkùn fún eṣinṣin náà fi ń lo aṣọ aláró. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré: láti 2024, àlejò láti òkèèrè ń san 200 dọ́là lójúmọ́ láti wọ Maasai Mara ní ìdajì kejì ọdún. Ẹni tí ó bá san irú owó yẹn láti fi sáré kiri ti ṣòfò. Kí ó yan ọgbà kan, kí ó lo ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún níbẹ̀, kí ó sì gbọ́rọ̀ sí afinimọ̀nà lẹ́nu. Nígbà tí mo padà sí Tanzania lẹ́ẹ̀kejì, ọkùnrin tí ó ń mú wa kiri rí bí mo ti ń na ọrùn kiri nínú ọkọ̀, ó sì wí fún mi pé, "Mzee, pole pole." Kò sẹ́ni tí ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni mo gbọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà sì ni ó ń wí.

Ìsinmi Àjíǹde sábà máa ń bọ́ sí ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi kò kù níbi púpọ̀ mọ́ ní Yankari. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, ní ọdún tí ń bọ̀, ọmọ ọmọ mi mẹ́ta ni n ó kó lọ síbẹ̀. Mo ti sọ fún ìyá wọn pé kí ó má di aṣọ aró kankan sínú àpò wọn. Àbíkẹ́yìn wọn, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méje, kò yé bi mí pé bí erin kò bá wá mu omi ní ọjọ́ tí a bá dé ńkọ́, mo sì ti dá a lóhùn pé ọjọ́ mẹ́rin ni a ó lò.